Àyẹ̀wò ọdún: ọrùn gìtá onígi maple àti òróró tí kò jókòó

Nínú gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe gìtá tí ó gba ọwọ́ mi kọjá ní Ìlọrin lọ́dún tí ó ń parí lọ yìí, fífi òróró pa ọrùn gìtá onígi maple ni mo ronú lé lórí jù lọ. Àwọn tí ń ta gìtá nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ olórin, láti àárín ìlú wa níbí títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ti wá fẹ́ràn kí a há fáníìṣì dídán kúrò lẹ́yìn ọrùn gìtá wọn, kí a sì fi òróró rọ́pò rẹ̀, nítorí pé fáníìṣì náà máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí òógùn bá mú un, tí ọwọ́ kò fi ní lè yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bí orin bá gbóná. Ohun tí wọ́n ń béèrè yé mi, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọrùn gìtá tí wọ́n gbé wá lọ́dún yìí jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti fi òróró pa, tí ó sì ti bàjẹ́: òmíràn ń lẹ̀, òmíràn ní àbàwọ́n dúdú, òmíràn sì rí págunpàgun lábẹ́ ọwọ́. Bí mo ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó hàn sí mi pé ohun kan náà ni ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn: òróró pọ̀ ju ohun tí igi náà lè mu, ẹni tí ó pa á kò sì fún un ní àkókò.

Igi maple kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Èyí tí ó le, tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn gìtá, ń hù ní Kánádà àti ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Fender sì ti ń lò ó fún ọrùn gìtá oníná wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ihò ara igi náà kéré púpọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti yàtọ̀ sí ìrókò àti apá tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa mọ̀ dunjú. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lórí ìrókò ti mọ̀ ọ́n lára láti máa da òróró sórí igi, kí ó sì máa wò ó bí ó ṣe ń wọlé. Bí ó bá da ìwọ̀n kan náà sórí maple, díẹ̀ ni yóò wọlé, ìyókù yóò dúró sójú igi, yóò sì di oje.

Ọ̀rọ̀ lílẹ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni àwọn ènìyàn ń ṣì lóye jù. Wọ́n rò pé òróró ń gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ tí a sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró linseed, tí a ń fún láti ara hóró irúgbìn flax, àti òróró tung, tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, máa ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sára ni, èyí ni ó sì ń so wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi le. Nígbà tí òróró bá nípọn, òkè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́, tí yóò sì di awọ. Awọ náà yóò wá dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ yóò fi máa rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí òkè yóò sì hunjọ. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ Ìlọrin bá tutù tí ó sì kún fún omi, èyí tí a pa fẹ́lẹ́ pàápàá máa ń pẹ́ kí ó tó le. Irú linseed tí a rà náà ṣe pàtàkì: ògidì rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára ti ní èròjà onírin tí ń mú kí ó tètè gbẹ, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á fara balẹ̀ ka ohun tí ó wà lára agolo.

Bí ọrùn gìtá bá ti ń lẹ̀, mo máa ń rẹ aṣọ funfun sínú tapẹntáìnì, màá sì fi nù ún léraléra títí aṣọ náà kò fi ní fa oje mọ́. Lẹ́yìn náà ni màá fi kànìnkàn onírin tí ó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí lára, tí kì í ṣe ti ìfọkòkò rárá, fà á lọ sí ibi tí ìlà igi dorí kọ. Bí ọrùn náà bá ṣì wà lára gìtá, mo máa ń lẹ bébà bo àwọn mágínẹ́ẹ̀tì tí ń gbé ohùn okùn kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rún irin yóò fò lọ lẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ó bá ti mọ́, ìwọ̀nba òróró díẹ̀ lára aṣọ ti tó. Màá fi ra gbogbo rẹ̀, màá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí yóò fi dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tí ó kù níbẹ̀. Ohun tí ó kù náà ni iṣẹ́. N kì í tún òróró mìíràn pa lé e títí òórùn òróró yóò fi lọ, tí àtàǹpàkò mi kò sì ní fi àmì sílẹ̀ nídìí ọrùn.

Gìtá kan wá láti Òró tí wọ́n ti fi àdí àgbọn pa. Àdí àgbọn, òróró ẹ̀pà, epo pupa àti òrí dára fún ohun tí a mọ̀ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í le lára igi láéláé, tapẹntáìnì ni mo sì fi ń nù wọ́n kúrò.

Ní ti àbàwọ́n dúdú, orí gìtá àti ìdí ọrùn ni ó ti máa ń yọjú, níbi tí a ti gé igi ní ìdábùú, nítorí pé ẹnu ihò igi ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń mu òróró ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí mo bá fi sáńpépà 320 parí ara ọrùn, màá fi 400 tàbí 600, tí ó kúnná jù ú lọ, parí àwọn ibi wọ̀nyí kí wọ́n lè dín mímu kù. Kí òróró tó kan igi rárá, mo máa ń fi tapẹntáìnì nu gbogbo rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀. Ibi tí fáníìṣì àtijọ́ bá ṣẹ́kù sí kò ní ṣú bí ìyókù, ibi tí sáńpépà bá sì ti gba ìdábùú kọjá yóò fara hàn ketekete, nígbà tí a ṣì lè tún un ṣe. Lẹ́yìn tí òróró bá ti wọlé, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni kí a tún igi náà há. Àmọ́ maple kan wà tí ìlà ara rẹ̀ lọ́ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, tí òróró ń wọ̀ lọ́nà tí kò dọ́gba. Ẹwà ni ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ há a dànù.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ó sì ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ran òróró lọ́wọ́, ṣùgbọ́n eruku ń bà lé e kí ó tó le, òun ni ó sì ń fa ojú págunpàgun tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òróró. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù kí n tó ṣí agolo. Igi pẹ̀lú máa ń sún kì lásìkò yìí, tí orí fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tín-ínrín tí a tò sí ibi tí a ń tẹ okùn, yóò fi yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn tí yóò sì máa gé ọwọ́. Fáìlì tí a fi ń rẹ́ irin ni ó ń yanjú ìyẹn, òróró kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo bẹ gbogbo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé pé kí wọ́n má ṣe ká àkísà olóróró linseed jọ sí kọ̀rọ̀. Bí òróró náà ṣe ń fa ọ́síjìn ni ó ń gbóná, bí a bá sì ká a jọ, ooru náà kò ní rí ọ̀nà jáde, àkísà lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣá iná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ìpinnu kan wà tí mo ti dúró lé lọ́dún yìí: ẹ̀yìn ọrùn nìkan ni mo ń fi òróró pa. Bí iwájú ibi tí a ń tẹ okùn bá jẹ́ maple, mo ń fi fáníìṣì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìka àti òógùn kì í kúrò níbẹ̀, òróró tí ó bá sì wọ inú ihò fírẹ́ẹ̀tì máa ń padà sun jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tankẹ rọ̀ mí gidigidi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi há gbogbo rẹ̀, èmi ni mo ni ín.” Mo bi í bóyá yóò máa nù ún lẹ́yìn gbogbo ìsọ́ òru, bóyá yóò sì máa gbé e wá kí a fi òróró díẹ̀ àti ìda tún un ṣe nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè ṣèlérí. Ẹ̀yìn ọrùn náà ni a há, iwájú rẹ̀ ṣì ní fáníìṣì.

Ní ọdún tí ń bọ̀, mo fẹ́ fi linseed, tung àti Tru-Oil, tí wọ́n ṣe fún ìdí ìbọn tẹ́lẹ̀, pa ègé igi maple kan náà, apá kan nínú oṣù January nígbà tí ọyẹ́ ṣì wà, apá kejì nínú oṣù July. Màá kọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi le sílẹ̀, kí n lè máa sọ fún oníbàárà ọjọ́ tí ó yẹ kí ó padà wá gba gìtá rẹ̀. Bí ọrùn gìtá maple tí ó ti ṣẹ́ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Mo nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.