Àtẹ̀gùn Hestercombe ní ìwọ̀n 1:24: awẹ́ òkúta ń pa èjí

Ẹ̀dà kékeré ọgbà Hestercombe, tó wà ní Somerset ní England, ni a ń ṣe: mílímítà 1 dúró fún 24. Pèpéle ti parí, ògiri rẹ̀ sì ti gbẹ. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn igun Great Plat (apá onígun mẹ́rin tó rì sísàlẹ̀ nínú ọgbà náà), èyí tó rí bí ìdámẹ́rin òbírí, ló ń dá iṣẹ́ dúró.

Ètò àkọ́kọ́ ni pé ká da ipele kọ̀ọ̀kan lódindi, ká wá fi abẹ fa ojú òkúta sí i lára. POP àwọn onísílìn ni a dà, gíráàmù 100 sí omi mílílítà 65. Omi tó pọ̀ tó yẹn á gbẹ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ipele tí kò nípọn ju mílímítà 6 lọ á sì kán bí a bá ti ń yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù. Irú èyí tí àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ń lò ló gbà á: omi mílílítà 30 péré sí gíráàmù 100. Ó wọ́n ná. Ẹ má ra àpò tí wọ́n ti tú. Bó bá ti fa ọ̀rinrin, kò ní dì dáadáa mọ́.

A wá pín ipele sí awẹ́ 12. Àwọn tí a kọ́kọ́ gé dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: etí inú wọn kanra, etí òde pa èjí. Èjí dára lẹ́nu èèyàn, kò dára lójú àtẹ̀gùn. Lórí ipele kan, láti àárín òbírí sí etí inú jẹ́ mílímítà 60, sí etí òde jẹ́ 74. Etí inú gùn tó 94, etí òde 116. Nítorí náà awẹ́ kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 7.8 nínú, 9.7 lóde. Ẹ gé páálí àwòṣe fún ipele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí ìwọ̀n wọn kò bára mu, kí ẹ sì gé awẹ́ nígbà tí èékánná ṣì lè fá a.

Ọ̀dà tí a fẹ́ kùn sí i tẹ́lẹ̀ ti kúrò nínú ètò. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ni a ń pò mọ́ POP gbígbẹ báyìí, kí etí tó bá ha má baà fi funfun hàn. Fún ọ̀pá ìfọwọ́tì, àwọ̀ oyin òkúta Ham ni a ń wá. Òkúta yẹn ni Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé tó ṣètò ọgbà náà, lò níbẹ̀.

Ẹ fi omi ra awẹ́ kẹ́ ẹ tó di ojú ìpàdé wọn. Èyí tó gbẹ á fa omi inú ohun tí ẹ fi dí i mu, ohun náà á sì di ìyẹ̀fun. Ẹ má di gbogbo rẹ̀ o: inú àwọn àlàfo ni ewéko kékeré tó ń jẹ́ Erigeron karvinskianus ti máa ń yọ òdòdó funfun tó ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìdí ipele kejì ni a ti ṣí sílẹ̀ fún un. Awẹ́ márùn-ún ipele kẹta ló kù láti gé.