Inverter Ńlá Nínú Ahéré Adìẹ

Ẹni tó bá tún bi mí léèrè pé "inverter oko Bọ̀dá ńkọ́?" yóò san owó ìtanràn. Mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara mi ni mò ń fi ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bọ̀dá mọ̀ pé nǹkan kékeré kì í jọ wọ́n lójú. Ahéré adìẹ ẹlẹ́yin wọn lọ́nà Ìwó lọ̀rọ̀ wà, níbi tí òpó iná ìjọba kò tíì dé. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ iná níbẹ̀ ò ju gílóòbù LED 5, oníwáàtì 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, fáànù Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń jẹ wáàtì 50, pẹ̀lú rédíò àti fóònù tí wọ́n ń ṣájì, ká fi wáàtì 15 fún ìyẹn. Bí gbogbo wọn bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 110 ni. Gílóòbù yẹn kì í ṣe fáàrí o. Adìẹ tó ń yé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 16 lójúmọ́ kó tó yé dáadáa, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì fún un ju bíi 12 lọ. Wákàtí 4 tó kù, gílóòbù ló máa dí i, méjì ní ìdájí, méjì lálẹ́.

Wáàtì 110. Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ìjọba, tí a rà fún un, 3.5kVA.

"Tí mo bá ra fírísà lọ́la ńkọ́?" Bọ̀dá ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń jẹun nídìí sólà, tó yẹ kí n ní "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí fírísà dé ná," mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, mo ní "Òótọ́ lẹ sọ, sà." Títí di òní, fírísà ò tíì dé. 3.5kVA jẹ́ 3,500VA, ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 2,800 lẹ máa rí. Wáàtì 2,800 tó wá ń ṣọ́ gílóòbù 5! Èèyàn méjì ló gbé e wọlé, torí ayọ́ọ̀nù àti kọ́pà tó kún inú ẹ̀. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀ tán, tó gba gbogbo orí tábìlì, Bàbá Ọlọ́dẹ ṣíjú wò ó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní "Kábíyèsí!" Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Owó ti tán sára Kábíyèsí, nítorí náà bátìrì 12V 100Ah méjì péré la rí rà, a so wọ́n tẹ̀léra kí wọ́n lè di 24V. Páánẹ́lì, ẹyọ kan ṣoṣo, 300W. Kò pẹ́ tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìdájí, nígbà tó yẹ kó máa tàn fún adìẹ gan-an.

Oníná kan nílùú ló kọ́kọ́ dé síbẹ̀. Ó yọ gbogbo nǹkan tó wà lára inverter, ó fi mítà ẹlẹ́mú (clamp meter) gbá wáyà bátìrì mú, ó pariwo pé "Odo! Kò jẹ nǹkan kan! Bátìrì yín ló ti bàjẹ́." Bọ̀dá ti ń wá owó bátìrì tuntun kiri kí n tó débẹ̀. Mo yí mítà náà padà, mo wo ara ẹ̀. AC, irú iná ìjọba, nìkan ló ń kà. Iná bátìrì, DC ni, irú mítà bẹ́ẹ̀ ì bá gbá wáyà bátìrì mú títí di ọjọ́ Àjíǹde, odo ni yóò máa kọ. Ẹ rí i pé èyí tẹ́ ẹ bá rà ní DC lára kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Tèmi tó ń ka DC ni mo fi mú un: áńpù 2. Áńpù 2 lórí 24V, wáàtì 48 nìyẹn, láìsí gílóòbù, láìsí fáànù, láìsí ohunkóhun.

A wá jókòó ṣírò. Gílóòbù, wáàtì 45 fún wákàtí 4, 180. Fáànù, wákàtí 5, 250. Rédíò àti fóònù, wákàtí 3, 45. Gbogbo iṣẹ́ ahéré lójúmọ́, 475 watt-hour, ìyẹn wáàtì tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀. Kábíyèsí nìkan, wáàtì 48 fún wákàtí 24, 1,152. Páánẹ́lì 300W ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, bí oòrùn gidi bá tó wákàtí 4 àbọ̀, tí a sì yọ ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà, bíi 1,000 ló máa mú wálé. Bí a bá yọ gbogbo gílóòbù dànù, tí a lé Bàbá Ọlọ́dẹ lọ sílé pẹ̀lú fáànù wọn, páánẹ́lì náà kò tún ní lè bọ́ inverter lásán yó. Mo ka ìṣirò yẹn sókè fún Bọ̀dá. Wọ́n wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

Ìdí ẹ̀ kò ṣòro. Inverter ńlá onítiránsífọ́mà ní láti máa bọ́ ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, ìbáà ṣe gílóòbù kan ló gbé, ìbáà ṣe ilé ńlá. "90%" tí wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn ohun tó ń mú jáde nínú iná tó gbà, ìgbà tó bá gbé ẹrù (ohun tó ń jẹ iná) tó tó o ni, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀ sókè. Gbé gílóòbù oníwáàtì 45 lé wáàtì 48 tó ń jẹ fúnra ẹ̀, wàá rí i pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ adìẹ kò tó ìdajì ohun tó kúrò nínú bátìrì.

Ẹ ti ń sọ pé kí a pa á nígbà tí a kò bá lò ó. A mọ̀. Ṣùgbọ́n tímà tó ń tan iná ní agogo 4 àbọ̀ ìdájí, ara inverter náà ló ti ń jẹun. Bí ọba bá sùn, ìránṣẹ́ ẹ̀ náà á sùn.

Ibi tí ọgbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn rèé. Mo rántí pé ó ní bọ́tìnì "search" lára, èyí tó ń jẹ́ kó tòògbé nígbà tí kò bá sí ẹrù, táá máa jí fìrí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò bóyá ẹnì kan fẹ́ iná. Mo tẹ̀ ẹ́, inú mi dùn. Tiwa kì í jí pátápátá àyàfi tí ẹrù bá tó bíi wáàtì 50. Gílóòbù wa, 45. Nítorí náà ó ń jí, kò rí wa, ó ń padà sùn, gbogbo gílóòbù sì ń ṣẹ́jú pàì, pàì, pàì láti alẹ́ títí. Adìẹ ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ ni tàbí ó ń ṣú. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lójú títì dúró, ó rò pé wọ́n ń fi iná pe òun. Tímà onímọ́tò sì rèé, ìgbà tí iná bá wà lára ẹ̀ nìkan ló ń yí. Ó ń dúró bí inverter bá sùn, ó ń yí díẹ̀ bó bá jí, títí iná ìdájí fi wá ń tàn ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn.

Mo tún ronú. Gílóòbù nílò wáàtì 5 péré sí i kí inverter tó rí wọn, àbí? Mo lọ wá gílóòbù aláwọ̀ pupa ayé àtijọ́ oníwáàtì 60, mo so ó mọ́ wọn. Ó ṣiṣẹ́! Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Bọ̀dá ló fohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Àbúrò, wáàtì 48 là ń sá fún, ṣé kì í ṣe 60 lo so mọ́ ọn yẹn?" Mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo tú u.

A wá ṣe ohun tó yẹ ká ti ṣe. Inverter 300W, pure sine wave (tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba), 24V, tí apá kan ṣoṣo ń gbé. Ẹrù wa tó pọ̀ jù jẹ́ 110, ààyè tó kù á gba fáànù nígbà tó bá ń gbéra. Mo fi mítà mú un láìsí ẹrù: áńpù 0.2, wáàtì 5 kò kún. Ìyẹn lójúmọ́ kò ju bíi 120 lọ. Ẹ fi kún 475 tẹ́lẹ̀, kò tó 600, páánẹ́lì ẹyọ kan náà sì ń mú 1,000 wálé. Wáyà 6mm² tí kò gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ tó o, pẹ̀lú fíúùsì 20A lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter. Bó bá jẹ́ 12V lẹ ń lò, áńpù á di ìlọ́po méjì, 10mm² ni kẹ́ ẹ lò. Bátìrì onómi, ẹ má jẹ́ kó lọ ju ìdajì lọ. Ọ̀pọ̀ inverter kì í gé iná títí di 10.5V lórí bátìrì 12V kan, nígbà yẹn bátìrì ti gbẹ tán.

Mo fẹ́ bá Bọ̀dá yí gílóòbù sí èyí tó ń jẹ DC tààrà, kí ó má kọjá lára inverter rárá, pẹ̀lú tímà DC. Wọ́n gbà. Oníná ìjọ́sí ní kí a gbà á lára bátìrì kan nínú méjèèjì, torí gílóòbù 12V ló pọ̀ lọ́jà. Rárá o! Bátìrì kan á máa gbẹ, èkejì á máa kún jù, méjèèjì á bàjẹ́ láìtọ́jọ́. Gílóòbù 24V ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń sọ 24V di 12V.

Kí n sì tó gbàgbé àwọn ọlọ́jà. "1000W" gàgàrà lára páálí, tẹ́ ẹ bá yí i padà, 500 ló wà níbẹ̀ ní kékeré, torí 1000 yẹn, ti ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "no load" sí, ìyẹn ohun tó ń jẹ láìsí ẹrù. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì wo ojú ẹni tẹ́ ẹ bi. Èyí tí wọ́n kọ "modified" sí lára, tí iná ẹ̀ kì í lọ geere, ń rọ owó lọ́rùn, ṣùgbọ́n fáànù á máa kùn, á sì máa gbóná.

Gbogbo ìyẹn parí, ó ku kí a ta Kábíyèsí. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn tuntun ti dé. Wáàtì 48 tó ń sọnù, ooru ló ń dà, orí ẹ̀ a máa móoru dáadáa. Àwọn adìẹ ẹlẹ́yin Bọ̀dá kì í sàba, wọn kò tiẹ̀ rántí. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ Ìyá Àgbà tó ń jẹ̀ kiri ló rí ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọlọ́dẹ ti ṣàánú ẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àpò ìrẹsì sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn sì ti bo ihò afẹ́fẹ́ pátápátá. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ṣá mi lọ́wọ́. Ẹyin 9.

Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnì láti pa á. Ìyá Àgbà ní, "O fẹ́ kí òtútù pa wọ́n?" Mo ní adìẹ fúnra ẹ̀ ló ń mú ẹyin gbóná, Ìyá, kì í ṣe inverter. Wọ́n ní ṣé èmi ló ń sàba ni, tí mo fi mọ̀? Ọ̀rọ̀ kú sí mi lẹ́nu. Apá tó bo ihò nìkan ni wọ́n gbà kí n gé lára àpò náà.

Ó sì ń tàn lọ bẹ́ẹ̀. Inverter kékeré ń gbé gbogbo ahéré, ńlá ń gbé adìẹ kan, iná sì tún ti ń kú ní ìdájí. Oníbàárà kan wá láti Ìwó, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, Ìyá Àgbà ní ọjọ́ 21 ni ẹyin fi ń pa, kó lọ padà wá.

Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán ni. "Àbúrò, èló ni páánẹ́lì 300W kan sí i? Adìẹ kejì ti ń yí inverter yẹn po."