Ẹni tí Kì í Gba Owó Oṣù Lọ́wọ́ Ilé Ìtọ́jú

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìtọ́jú kan yẹ fún ẹni tó ní ìpèníjà ara tàbí ìpèníjà ọpọlọ, kì í ṣe bí ilé náà ṣe mọ́ tónítóní tó ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, kì í sì í ṣe iye nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ta ni ẹni náà tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé yìí, tó mọ olùgbé náà dáadáa, tó sì lè wọ yàrá rẹ̀ nígbàkigbà láìsọ tẹ́lẹ̀? Nínú àwọn ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú, mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ní irú alábẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tètè pààrọ̀ aṣọ fún, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹni tí kò bá ní in, nọ́mbà yàrá ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà ènìyàn. Iṣẹ́ ló wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọwọ́ kò tó, wọ́n sì ti mọ ẹni tí yóò béèrè àti ẹni tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè.

Bí a bá dárúkọ ìfìyàjẹni, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìgbátí, èébú, ìfipábánilòpọ̀ tàbí kí a jí owó ẹni tí kò lè ṣọ́ owó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2012, fi hàn pé ewu ìwà ipá lórí ọmọdé tó ní ìpèníjà tó ìlọ́po 3.7 ti ọmọdé tí kò ní in. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àìbìkítà ló ń ṣe ọṣẹ́ jù, nítorí pé kò lariwo, kò sì sí ẹnì kan pàtó tó jọ ọ̀daràn nínú rẹ̀. Wọn a gbé ife omi sórí tábìlì níbi tí ọwọ́ ẹni náà kò lè dé, wọn a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti fún un lómi. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ a kú, ọ̀sẹ̀ a gorí ọ̀sẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn a gbé àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lódìkejì yàrá kí ó má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu káàkiri ilé, èyí tí kò yàtọ̀ rárá sí kí a so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ibùsùn. Wọn kò yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì lórí ibùsùn ní òru, awọ ìdí rẹ̀ a pọ́n, a sì di egbò tó lè jinlẹ̀ dé egungun.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn yín bí ẹ bá béèrè nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á fínnífínní. Bí àkọsílẹ̀ omi mímu àti yíyí ara padà bá jẹ́ ti ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà àti gègé kan náà, tí àwọn wákàtí rẹ̀ sì tò gẹ́lẹ́ láti alẹ́ títí di òwúrọ̀ láìsí ìṣẹ́jú kan tó yẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán nínú ìwé, tó sì ń rù sí i lórí òṣùwọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì yìí ló ń parọ́, òṣùwọ̀n sì ni èmi yóò gbà gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn Gauteng ní Gúúsù Áfíríkà ni àpẹẹrẹ tó burú jù tí mo mọ̀ nípa ibi tí àìbìkítà lè gbé ènìyàn dé. Ẹ̀ka ìlera ìjọba ibẹ̀ fòpin sí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Life Esidimeni, ilé iṣẹ́ ìtọ́jú aládàáni kan níbi tí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ti ń gba ìtọ́jú fún ọdún pípẹ́, pẹ̀lú àlàyé pé wọ́n fẹ́ dín ìnáwó kù. Láàárín ìparí ọdún 2015 sí àárín ọdún 2016, wọ́n kó èyí tó ju 1,300 nínú wọn lọ sí àwọn ibòmíràn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí kò ní ìwé àṣẹ tó tọ̀nà. Àwọn ẹbí àti àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ ṣáájú, wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ìjọba sọ pé ènìyàn 36 ló ti kú. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Malegapuru Makgoba gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2017 sọ pé wọn kò dín ní 94. Nígbà tí Dikgang Moseneke, igbákejì adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, fi máa ṣe ìdájọ́ lórí ẹ̀tọ́ àwọn ẹbí ní oṣù kẹta ọdún 2018, iye náà ti di 144. Ebi, òùngbẹ àti òtútù wà lára ohun tó pa wọ́n. Àwọn ẹbí kan ń wá ènìyàn wọn láti ilé kan dé èkejì, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mo máa ń ronú lórí bí iye náà ṣe ń gòkè láti ọdún dé ọdún: àwọn tí a fi ẹ̀mí ènìyàn sí lọ́wọ́ kò lè ka àwọn tí wọ́n gbà.

Gbólóhùn kan tún wà tó máa ń bo ìfìyàjẹni mọ́lẹ̀ ju ìlẹ̀kùn títì lọ, òun ni "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ọkùnrin kan tó ní ọ́tísìmù, ìpèníjà ọpọlọ tó máa ń mú kí ó nira láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí mọ́ ògiri, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ń sunkún nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Eyín dídùn ni ó lè máa yọ ọkùnrin náà lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń wẹ obìnrin náà ni ó ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a ti kọ orúkọ ìpèníjà kan sára ènìyàn, gbogbo ohun tó bá ṣe ni a ń dá ìpèníjà náà lẹ́bi fún. Láti ibẹ̀ ni oògùn amúnisùn ti máa ń wọlé. Ẹni tó ń sùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò lè fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, iṣẹ́ sì rọrùn fún gbogbo ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń jókòó, ohùn tó máa ń mú jáde bí inú rẹ̀ bá dùn. Bí a kò bá mọ bó ṣe wà lánàá, kò sí bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti yí padà lónìí.

Àwọn tí kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń nàka sí àwòrán lórí pátákó, ní ìṣòro kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́. Ẹ wo àwọn àwòrán náà. Ẹ óò rí omi, oúnjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀, oorun àti tẹlifíṣọ̀n. Lórí ọ̀pọ̀ pátákó tí mo ti rí, kò sí àwòrán ìhòòhò, kò sí ti ẹni tí wọ́n ń lù, kò sí "ó dùn mí níbí," kò sí "mi ò fẹ́ràn ẹni yìí." Ẹni tó ṣètò pátákó náà ti pinnu, láìmọ̀, pé kò sí ẹjọ́ tí ẹni yìí lè rò láé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìwé àti àwòrán díẹ̀ lọ, n kò sì rí ìdí kankan tí ilé ìtọ́jú kan yóò fi ní òun kò lè ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó ń jẹ́ ìṣòro. Ní Winterbourne View, ilé ìwòsàn aládàáni oníbùsùn 24 kan nítòsí Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan lọ́sẹ̀ tó nǹkan bíi 3,500 pọ́n-ùn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbẹ̀, Terry Bryan, fi ìfìyàjẹni tó ń rí tó àwọn ọ̀gá rẹ̀ létí, ó sì kàn sí àjọ tó ń ṣàbójútó irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mú ohunkóhun jáde títí tó fi lọ bá BBC. Akọ̀ròyìn kan gba iṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì gbé fíìmù rẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Òṣìṣẹ́ 11 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ Willowbrook, ilé ìtọ́jú ìjọba fún àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní Staten Island ní New York, gbà di mímọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ènìyàn 4,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ti ju 6,000 lọ ní ọdún 1965. Sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dún náà, ó sì sọ ohun tó rí fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ó di ọdún 1972 kí akọ̀ròyìn Geraldo Rivera tó gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀, nítorí pé dókítà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò níṣẹ́ ṣì ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́. Wọn kò tì í pátápátá àfi ní ọdún 1987. Ní ibi méjèèjì, àwọn tó wà nínú ilé ti ń ké láti ìgbà pípẹ́, orí ló sì bá wọn ṣe é pé ẹni ìta kan rí ọ̀nà wọlé.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2006, kò fẹ́ kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún orí ire. Abala 16 rẹ̀ ní kí àwọn aláṣẹ tó dá dúró máa ṣàbójútó gbogbo ilé àti ètò tí a dá sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò tí a ti fi lẹ́tà kéde rẹ̀ ṣáájú kò ju ìmúra sílẹ̀ fún àlejò lọ. Òru ni kí alábòójútó wá, tàbí ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀ nílé, kí ó sì bá àwọn olùgbé sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá kankan nítòsí. Wíwádìí ìtàn òṣìṣẹ́ kí a tó gbà á síṣẹ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú, pàápàá ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìwádìí ń bọ̀. Ní ti kámẹ́rà, n kò lòdì sí i ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni yàrá ló gbọ́dọ̀ gbà kí a tó gbé e sínú yàrá. Kámẹ́rà lè rí ìgbátí, àmọ́ kò lè rí òùngbẹ.

Bí ẹnì kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wá fi ọ̀rọ̀ kan tó yín létí, yálà pẹ̀lú ẹnu, ọwọ́ tàbí àwòrán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, láìtún un ṣe. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ má sì mú kí ó tún un sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò lo ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìtàn méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ rẹ̀ kí ọlọ́pàá àti dókítà tó dé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé náà nìkan. Ohun tí ọ̀gá sì máa ń yára dábàá, tí mo ti rí bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ni pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n ṣe níbi lọ sí ilé mìíràn fún ààbò rẹ̀. Yóò pàdánù yàrá rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn olùtọ́jú díẹ̀ tó gbọ́ èdè rẹ̀, nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ náà ni kí ó kúrò níbẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí. Kí olùgbé náà dúró níbi tó wà bí ìyẹn bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ̀, kí a sì tún bi í léèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá ìfẹ́ náà ti yí padà.