Àwo orin Petra ló gbé mi dé Fort Wayne, bọ́ọ̀sì ni kò fẹ́ kí n dé

Bí ẹ bá ń ti Chicago lọ sí Fort Wayne, ẹ yáa wá mọ́tò tara yín. Ọkọ̀ ojú irin akérò ò dúró nílùú náà mọ́ láti 1990, bọ́ọ̀sì tí mo sì wọ̀, ojú mi rí màbo nínú rẹ̀.

Petra ni mo torí ẹ̀ lọ. Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ni Bob Hartman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì onígbàgbọ́ yẹn sílẹ̀ ní 1972, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì gbà pé ohun èṣù ni orin rọ́ọ̀kì. Wọ́n kọ ọ́ títí di 2005, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n túká. Àfi bí Hartman ṣe tún kó àwọn ará àtijọ́ jọ ní 2010: Greg X. Volz ló ń kọrin, John Lawry wà nídìí dùùrù, Mark Kelly ń ta gìtá báàsì, Louie Weaver ń lu ìlù. Back to the Rock ni wọ́n pe àwo náà. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń sọ pé n ó fẹsẹ̀ mi tẹ ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọ̀nà US 30, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Plymouth ni, ni bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èéfín funfun yọ lábẹ́ rẹ̀, dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe pa á ni ẹ̀rọ amúlétutù kú. Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko àgbàdo lósì. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò wí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbàlagbà kan níwájú mi ń fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ́ ara. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí lọ béèrè pé ìgbà wo ni ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀, wọ́n ní kó pe ọ́fíìsì. A pe ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn, tẹ ení, tẹ èjì, a tẹ̀ ẹ́ títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù. Irin ni ọkọ̀, ó lè bàjẹ́ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ẹ bá èrò sọ̀rọ̀! Mi ò sanwó kí ẹ wá máa yan mí bí àgbàdo.

Mo kúkú ki íápíìsì bọ etí, mo gbé àwo náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin tuntun méjì péré ló wà nínú rẹ̀, orin àtijọ́ tí wọ́n tún kọ ni ìyókù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ pé owó ni wọ́n ń wá. Mi ò gbà fún un rárá. Lórí Beat the System, àwo wọn ayé ọjọ́un, dùùrù oníná ló gba iwájú. Níbí, gìtá Hartman ló ń ṣáájú, ó ń dún kíkankíkan. Ohùn Volz ti nípọn díẹ̀ ju ti àwo More Power to Ya ti 1982, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tó ń sọ. Ibi tó kù sí ni pé wọn ò pe John Schlitt, tó wọlé rọ́pò Volz ní 1986, tó sì kọrin lórí àwo Beyond Belief tó gba àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy. Orin kan ṣoṣo ì bá tó mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí i pé mò ń mi orí, ó ní kí ni mò ń gbọ́. Mo sọ fún un báwọn kan ṣe ń fẹ̀sùn kan olórin rọ́ọ̀kì nígbà yẹn pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èṣù pamọ́ sínú àwo, pé ẹni tó bá yí i sẹ́yìn á gbọ́ ọ. Petra mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwọn pamọ́ sínú More Power to Ya. Ẹni tó bá yí i sẹ́yìn á gbọ́ tí wọ́n ń bi í pé kí ló ń wá èṣù fún, nígbà tó jẹ́ Olúwa ló yẹ kó máa wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba íápíìsì kan lọ́wọ́ mi, kò dá a padà títí ọkọ̀ mìíràn fi dé nírọ̀lẹ́. Fort Wayne sì tún fi wákàtí kan ṣáájú Chicago, ẹ má gbàgbé, òun ló jẹ́ kí ilé oúnjẹ ti tì kí n tó dé.

Lọ́jọ́ kejì mo wo ibi tí odò St. Marys àti St. Joseph ti pàdé tí wọ́n di Maumee. Ibẹ̀ tutù, ó dáa. Mo wá kọrí sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo àlòkù. Ẹni àkọ́kọ́ pe More Power to Ya ní dọ́là 45. Páálí rẹ̀ ti ya létí, ojú àwo fúnra rẹ̀ sì kún fún àpá. Bébà owó tó lẹ̀ mọ́ ọn ti ń ṣí, mo fi èékánná gbé e sókè, mo bá 12 lábẹ́ rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó ní ọjà ti wọ́n. Mo gbé e kalẹ̀, mo jáde. Ẹ máa yẹ abẹ́ bébà wò.

Ẹnì kejì, bàbá arúgbó kan, pe tiẹ̀ ní dọ́là mẹ́jọ. Kí n tó sanwó ló ti gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ní kí n gbọ́ ọ tán ná bóyá ó ń há. Kò há. Ó ní Schlitt ló mọ orin kọ jù nínú àwọn méjèèjì, mo ní Volz ni, ó bá lọ fa àwo On Fire! tí Schlitt ti kọrin yọ láti fi jẹ mí níyàn. Mo ra ìyẹn náà.