Ẹ̀yin àbúrò mi tí ń gbá baseball, owó ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Lóṣù Kẹta tó kọjá ni wọ́n yọ mí nínú ẹgbẹ́ baseball tí mo wà ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí tínú ṣì ń bí mi, torí bínú mi bá rọ̀ tán, màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ó ṣáà dáa bẹ́ẹ̀." Kò dáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí eré yìí mọ bí àwọn àárọ̀ ìparí spring training, ìyẹn ìgbáradì ṣáájú ìdíje, ṣe ń rí. Ọkùnrin kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra, ife kọfí á wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá kí ẹ tó sì yẹ̀ fún ẹ, o ṣì níṣẹ́. Bó bá fọwọ́ kan èjìká ẹ, tó ní ọ̀gá ń bèèrè ẹ, ó parí. Lọ́jọ́ tèmi, mo rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo bá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó dúró lórí mi títí mo fi gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ò gùn. Ó ní àwọn mọyì mi, pé àyè ni ò sí. Òótọ́ ni pé àyè ò sí: láti 2024, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ní ju 165 èèyàn lọ nínú minor league (àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀ Major League, èyí tó ga jù lọ) lásìkò ìdíje, 180 ni tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tuntun ń wọlé lọ́dọọdún. Àmọ́ kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ìwé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ló ń wò. Nígbà tí mo padà sídìí lọ́kà mi, wọ́n ti kó bàtà, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ mi sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí. Páálí orúkọ mi wà lókè ọ̀rá náà, wọ́n ṣì kọ ọ́ láìtọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà kan ò bọ́ sí àyè ẹ̀ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ran òun. Ọmọ Dominican tá a jọ ń gbé yàrá nìkan ló bá mi gbé igi tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù dé ìdí mọ́tò.

Inú mọ́tò ni mo ti pe Mọ́mì, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston. Mo ní, "Mà, wọ́n ti yọ mí." Ẹkún ni mò ń retí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìwé àdéhùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà nínú fáìlì?"

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Lọ́dún 2021 tí ẹgbẹ́ kan mú mi nínú draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìyípo-ìyípo, ó ku ọdún kan kí n parí yunifásítì. Ìyípo 20 péré ni draft yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì wà. Owó tí wọ́n fi lọ̀ mí kò tó nǹkan. Inú èmi àti Dádì ti ń dùn. Mọ́mì ló takú. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kan ti sọ fáwọn pé ẹgbẹ́ lè ṣèlérí owó ilé-ìwé yàtọ̀ sí owó ìfọwọ́síwèé: iye tí wọ́n máa san fún sáà kọ̀ọ̀kan, àti iye sáà tí wọ́n máa san án fún, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn. Aṣojú ẹgbẹ́ tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ká má ṣèyọnu, pé mo máa dé Major League. Mọ́mì ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ bèèrè owó ilé-ìwé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ẹ má fọkàn sí owó oṣù. Lọ́dún 2022 ní Single-A, ọ̀kan lára àwọn ìpele ìsàlẹ̀ nínú minor league, dọ́là 500 lọ́sẹ̀ ni, lásìkò ìdíje nìkan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tá a wọ̀ lọ́dún yẹn ló jẹ́ kó sàn: ní 2023, owó Double-A, tó ga ju Single-A lọ, di dọ́là 30,250 lọ́dún, ilé gbígbé sì ti wà lọ́rùn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún 2023 kan náà, ẹni tówó ẹ̀ kéré jù ní Major League ń gba dọ́là 720,000. Ìtẹ̀gùn méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹ ò rí i pé ó padà sórí ìwé àdéhùn náà ni.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò gba ara mi gbọ́ o. Ẹni tí ò gba ara ẹ̀ gbọ́ kì í wọ bọ́ọ̀sì mọ́jú láti Texas lọ sí Arkansas, kó sùn pẹ̀lú orúnkún lágbọ̀n, kó tún sáré lẹ́yìn pápá lálẹ́ ọjọ́ mẹ́fà tẹ̀léra. Ọjọ́ Ajé nìkan ni ìsinmi. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá ní Double-A wà lákọọ́lẹ̀, kẹ́ni tó bá ń jiyàn lọ wò ó.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ ṣọ́ àwọn tó ń fúnni nírètí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, "ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké" ni wọ́n fi ń kí mi. Wọ́n á ní kí n wo Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó dé Major League. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọdún 2008 ló fọwọ́ síwèé, April 2017 ni ẹgbẹ́ Pirates tó pè é gòkè, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á tún dárúkọ Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tí ẹgbẹ́ Brewers mú nínú draft ní 2015. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn fún mi tó bi mí rí pé kí ló wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Mo ti forúkọ sílẹ̀, kíláàsì ìṣirò owó mi máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mo ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí nǹkan míì láti sọ nípa ìyẹn.

Ẹ̀yin tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé: kí iye owó àti iye sáà wà lákọsílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ti kúrò nídìí eré, ọdún méjì lẹ ní láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Bó bá kọjá, owó náà ti wọmi. Ẹnì kan tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù ń dúró de ìpè ẹgbẹ́ míì títí ọdún méjì fi pé. Bí wọ́n bá ní "a máa sọ̀rọ̀ ìyẹn tó bá yá," ẹ dá bírò pa dà fún wọn.