Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ nìkan kò tó: ohun tí Peugeot 504 bàbá mi kọ́ mi

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ìdànrè, ohun kan ṣoṣo tó gbà mí lọ́kàn ni bí n óò ṣe rí ẹ́ńjìnnì mìíràn tó dára rà. Mo gbà pé bí mo bá ti rí ìyẹn, wàhálà ti tán. Mo náwó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé àwọn ohun tí wọ́n so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ìyẹn wọ́tà pọ́ǹpù, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná), họ́ọ̀sì, bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù epo, lè pa ẹ́ńjìnnì tó le koko láàárín wákàtí kan péré. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ní Àkúrẹ́ àti ní àyíká rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí, kí ẹ tó gbé ẹ́ńjìnnì tí ẹ rà sínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n tò ní Kaduna, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní XN1, oníkábúrétọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1971 cc. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, ìyẹn ìdérí orí búlọ́ọ̀kù náà, ooru àpọ̀jù kì í sì í pẹ́ tó fi ń wọ́ alumíníọ̀mù. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni mo rí rà ní tòkúnbọ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sì ní àbùkù kankan nínú.

Ní ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n tẹ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n lè máa tú ohun tó wà lára ti àtijọ́ sí ara èyí tí mo rà. Bàbá mẹkáníìkì, ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìgbà ayé bàbá mi, mú wọ́tà pọ́ǹpù àtijọ́ náà, ó ní, "Àbúrò, gbé ọwọ́ rẹ wá síbí." Nígbà tí mo di orí rẹ̀ mú tí mo mì ín, ó ń ṣe jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín tó fẹ́ ká. Bàbá yí i padà, ó sì fi ihò kékeré kan hàn mí lábẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí ìpẹtà pupa ti fà wálẹ̀ bí ipa omijé. Ó ṣàlàyé fún mi pé tìtorí èyí ni wọ́n ṣe lu ihò náà: bí rọ́bà tó ń sé omi mọ́ inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jáde kó má baà wọ inú bẹ́áríìnì. Ẹni tó bá rí ipa omi níbẹ̀ ti rí ìkìlọ̀.

Mo dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa lo èyí ná, owó ti tán lọ́wọ́ mi." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti sọ ọ́ fún ọ."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà tí èmi, ìyá mi àti àǹtí mi kan gbéra láti Àkúrẹ́, tí a ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ọ̀wọ̀. A ti ń sún mọ́ Ògbèsè nígbà tí mo gbọ́ ìró kan níwájú, bí ìgbà tí irin bá ń ha irin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, iná pupa bátìrì sì tàn. Mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé bátìrì ni kò gba iná mọ́, pé yóò gbé wa délé. Ohun tí n kò rò ni pé bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator àti wọ́tà pọ́ǹpù lára ọkọ̀ yìí. Bẹ́áríìnì pọ́ǹpù ti há, ó ti já bẹ́líìtì, omi kò sì yípo nínú ẹ́ńjìnnì mọ́. Láàárín ìwọ̀nba ọ̀nà tí mo tún fi wà á, èéfín funfun ti bo iwájú ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí iná bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà nínú irú ọkọ̀ yìí, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ padà dé Àkúrẹ́ tí Bàbá fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da mílíìkì sí. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù ti bẹ́, omi sì ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n kàn tú pọ́ǹpù náà, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a tún sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, n kò jẹ́ kí ohun kan padà sára rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti dì í mú, a ti yí i, a sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́tà pọ́ǹpù di tuntun pẹ̀lú bẹ́líìtì, a sì fa bẹ́líìtì náà débi pé bí mo bá fi àtàńpàkò tẹ ibi tó gùn jù lára rẹ̀, kò lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bó bá le jù, bẹ́áríìnì ni yóò jẹ. Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé láti ìta, wọ́n ń dán. Bàbá fi ọ̀bẹ la ọ̀kan gbọọrọ, inú rẹ̀ sì ti sán yánnayànna, ó ń bó sí mi lọ́wọ́ bí èèpo igi tó ti jẹrà. Ègé irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ sì lè lọ dí ojú rédíétọ̀. Ẹ fi ìka fún họ́ọ̀sì yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tàbí tó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú, ẹ yọ ọ́ sọnù, kí ẹ sì fi kílíìpù irin de tuntun dípò wáyà.

Ti alternator yàtọ̀. Wọ́n gbé tuntun kan wá fún mi, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, Bàbá sì kọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn wọn, tí mo ti rí i pé òótọ́ ni, ni pé kí a gbé ògidì àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún ohun oníná ọkọ̀ ṣe, kó pààrọ̀ bẹ́áríìnì méjèèjì àti kábọ̀n rẹ̀. Bó ṣe parí rẹ̀, ó wọn ìwọ̀n iná tó ń gbé jáde, ó sì lé díẹ̀ ní 14 fóólìtì (volt), bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun. Ohun kan náà ni a ṣe fún kíìkì sítátà. Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ máa kó gbogbo nǹkan dànù. Ògidì tí a tún ṣe sàn ju ayédèrú tuntun lọ lọ́jọ́kọ́jọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe.

Pọ́ǹpù epo wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Awọ rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa epo láti inú táǹkì, bí ìyẹn bá sì ya, epo bẹntiróòlù lè máa ṣàn sínú ọ́ìlì, kó sọ ọ́ di omi, kí bẹ́áríìnì inú ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láìsí ariwo kankan. Bí ọ̀pá ọ́ìlì yín bá ń rùn bí epo, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti kúrò lára gíà, kò bọ́gbọ́n mu láti fi ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn, pẹpẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bẹ́áríìnì rẹ̀ sílẹ̀, torí pé owó iṣẹ́ láti tún dé ibẹ̀ pọ̀ ju iye tí a ń rà wọ́n lọ. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì yọ thermostat, ohun kékeré tó ń dí omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó yẹ, sọnù bí àṣà wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò tètè gbóná tó yẹ máa ń jẹ epo, ó sì máa ń tètè gbó.

Ó ku fáànù. Bí Peugeot ṣe ṣe é, mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan ló ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Wọ́n ti dè é pa lára tèmi láti ọdún pípẹ́, ó ń yí ṣáá tọ̀sán tòru, ó sì ń di ẹrù lé orí pọ́ǹpù tuntun náà. Rẹ́wáyà ti bá mi wá mágínẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì ń fà. Ìparí oṣù yìí ni èmi àti Bàbá yóò tú u wò, àmọ́ ní àràárọ̀ Sátidé, kí n tó tan ọkọ̀, mo ṣì máa ń fi ìka kan ihò kékeré abẹ́ pọ́ǹpù náà, ó ṣì gbẹ títí di ìsinsìnyí.