Kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun nínú Space Echo, ẹ kọ́kọ́ nù ún

Bí Space Echo RE-201, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di gbohùngbohùn (echo), bá ń pariwo ṣììì, tí gbohùngbohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kàpásítọ̀ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, ti gbó. Wọn á gbé e lọ fún oníṣẹ́, oníṣẹ́ á tú u palẹ̀, owó á lọ, ìró náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Téèpù ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́, téèpù sì máa ń bó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí. Ohun tó bá bó lára rẹ̀, ojú hẹ́ẹ̀dì, àwọn irin tó ń kọ ohùn sórí téèpù tó sì ń kà á, ló ń lẹ̀ mọ́.

Ikutaro Kakehashi dá iléeṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní Japan ní 1972, RE-201 sì jáde ní 1974. Tí ẹ bá ṣí ìdérí òkè rẹ̀, ẹ ó rí téèpù kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, tí wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tó sì ká jọ wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ ike tó mọ́ gaara. Kò sí róòlù tó ń ká a. Irin róbótó kan tí wọ́n ń pè ní capstan, pẹ̀lú rọ́bà tó ń tẹ téèpù mọ́ ọn, ló ń fà á. Hẹ́ẹ̀dì tó ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ ni téèpù kọ́kọ́ ń bá pàdé, ó kan èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló kan mẹ́ta tó ń kà á jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yìí ṣe jìnnà tó sí hẹ́ẹ̀dì tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ń pinnu bí gbohùngbohùn ṣe máa pẹ́ tó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀bù Repeat Rate kò ju kó mú mọ́tò yára tàbí kó mú un falẹ̀. Bí mọ́tò bá falẹ̀ dé ibi tó lè falẹ̀ dé, hẹ́ẹ̀dì tó jìnnà jù kì í kọjá nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá ń wá èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá ẹ̀rọ mìíràn.

Nọ́ọ̀bù ńlá tó ń yan hẹ́ẹ̀dì ní ipò 12, òun gan-an sì ni ohun èlò àyẹ̀wò tó dára jù lọ. Ipò 1 dé 4 jẹ́ gbohùngbohùn nìkan, 5 dé 11 fi reverb (ìró bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) kún un, ipò 12 sì jẹ́ reverb nìkan. Sípíríǹgì ló ń ṣe reverb yẹn, kò kan téèpù rárá. Nítorí náà, ẹ yí i sí 12. Bí reverb bá mọ́, tó sì lágbára, a jẹ́ pé ojú ibi tí ohùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde kò ní àìsàn, ọ̀nà téèpù ni ẹ máa dojú kọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ ipò 1, 2 àti 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, torí hẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ló ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí 2 nìkan bá rẹlẹ̀, hẹ́ẹ̀dì kejì ni kí ẹ nù. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá mi nọ́ọ̀bù díẹ̀, inú súìsì nọ́ọ̀bù náà ló dọ̀tí, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú súìsì ló ń fẹ́. Ẹ pa iná kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ yí nọ́ọ̀bù lọ bọ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Ohun tí ẹ máa fi nù ún kò pọ̀: isopropyl alcohol 99%, òwú orí igi tí a fi ń nu etí, àti tọ́ọ̀ṣì. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà fún ojú egbò kò dára fún un, torí omi àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn máa ń ṣẹ́ kù sójú irin. Ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ téèpù kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì máa nu hẹ́ẹ̀dì ní ìhà tí téèpù ń gbà lọ. Ẹ máa pààrọ̀ òwú títí tí kò fi ní mú àwọ̀ ilẹ̀ jáde mọ́. Ẹ má fo àwọn irin tó ń tọ́ téèpù sọ́nà, kí ẹ sì yí capstan pẹ̀lú ọwọ́ kí òwú lè kàn án yí ká. Rọ́bà ní tirẹ̀ kò fẹ́ alcohol púpọ̀, ó máa ń mú un gbẹ, á sì ya. Aṣọ tí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ rin tó fún un. Bí rọ́bà bá ń dán, tí èékánná kò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ìfọ̀ kò lè gbà á là, ẹ wá tuntun.

Lẹ́yìn ìfọ̀ ló kan òòfà. Hẹ́ẹ̀dì tí òòfà ti mú máa ń fi ariwo ṣììì kún ìró, á sì máa jẹ ohùn tó ga (treble) lórí téèpù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lé e kúrò. Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ: RE-201 gbọ́dọ̀ wà ní pípa, téèpù gbọ́dọ̀ wà níbi tó jìnnà. Ẹ tan ẹ̀rọ òòfà náà ní nǹkan bíi mítà kan sí i, ẹ mú un súnmọ́ hẹ́ẹ̀dì díẹ̀díẹ̀, ẹ rọra gbé e kọjá lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn pẹ̀lú sùúrù títí dé mítà kan náà kí ẹ tó pa á. Bí iná bá lọ nígbà tó wà nítòsí hẹ́ẹ̀dì, òòfà tó máa kù síbẹ̀ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí iná ìjọba rẹ̀ kò dúró sójú kan, orí invẹ́tà ni kó ti ṣe iṣẹ́ yìí.

RT-1L ni orúkọ téèpù rẹ̀. Àwọn kan ń gé téèpù lásán láti fi dípò rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn téèpù náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà dúdú tó ń jẹ́ kó yọ̀. Èyí tí kò ní in máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ àti mọ́ ike, á ká jọ sójú kan, á sì há. Ẹ fi téèpù àtijọ́ wọn gígùn tuntun. Èyí tó kúrú máa fà le, èyí tó gùn jù máa kún àpótí. Ẹ gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n 45°, kí ẹ sì fi téèpù ìsopọ̀ gidi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù ṣe é rárá, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́ nínú ooru, á sì lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì.

Bí ohùn bá ń gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo èyí, capstan, rọ́bà tàbí téèpù tó ti wọ́ ni kí ẹ fura sí kí ẹ tó fura sí mọ́tò. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn àná lábẹ́ ohùn òní, hẹ́ẹ̀dì tó ń pa á rẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ìfọ̀ kò bá yanjú rẹ̀, iná tó ń bọ́ ọ ló ní àìsàn. Bí ìró bá ń hùn lábẹ́ ohun gbogbo, tó sì wà ní gbogbo ipò títí kan 12, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan kàpásítọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn síkúrúù kéékèèké orí pátákó inú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láìsí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń rìn hàn lójú) àti ìwé àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára ló bàjẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ yí i wò.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Japan jẹ́ 100V, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 117V, iná Nàìjíríà sì jẹ́ 230V. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó ki í bọ iná. Tiransífọ́mà 110V tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò yẹ ti Japan, á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá èyí tó ń jáde ní 100V gan-an. Mọ́tò rẹ̀ ń lo iná DC, nítorí náà yálà iná jẹ́ 50Hz tàbí 60Hz, kò ní yí eré téèpù padà. Kí ẹ sì gbé tiransífọ́mà náà jìnnà sí i, torí sípíríǹgì reverb àti hẹ́ẹ̀dì máa ń gba ìhùn rẹ̀ sára.

Tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ rántí pé fún gìtá àti máíkì ni wọ́n ṣe ẹnu rẹ̀. Ohun tó ń jáde láti inú interface, àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, lágbára jù fún un. Ẹ fi reamp box, àpótí tó ń sọ ohùn náà di kékeré bíi ti gìtá, sí àárín, tàbí kí ẹ dín send (ohùn tí ẹ ń rán lọ) kù ní nǹkan bíi 20 dB, kí abẹ́rẹ́ VU tó ń fi agbára ohùn hàn máa sún mọ́ odo, kí iná peak sì máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wàhálà tó tóbi jù ni pé ohùn tí ẹ fi sínú rẹ̀ máa ń bá gbohùngbohùn jáde. Lẹ́yìn tó bá ti gba inú kọ̀ǹpútà lọ tó sì padà, ó ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá pàdé ti àkọ́kọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìró á ṣófo. Ẹ pa ti àkọ́kọ́, kí ẹ lo ohun tó ti inú ẹ̀rọ bọ̀ nìkan, tàbí kí ẹ ní kí oníṣẹ́ fi súìsì tó ń gé e sí i. Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni, ó sì yẹ lówó.

Ní ti Intensity, nọ́ọ̀bù tó ń pinnu bí gbohùngbohùn ṣe máa tún ara rẹ̀ sọ tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bó bá ti ga dé ibì kan, gbohùngbohùn á máa bọ́ ara rẹ̀, á máa pọ̀ sí i láìdúró, ó sì lè ba sípíkà jẹ́. Ibẹ̀ náà ni adùn rẹ̀ wà: Lee "Scratch" Perry, gbajúmọ̀ olùgbéjáde orin reggae àti dub, lò ó ní sítúdíò rẹ̀, Black Ark, ní Kingston, Jàmáíkà, ẹni tó bá sì yí Repeat Rate nígbà tí ohùn náà ń yípo á gbọ́ bó ṣe ń gùnkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rà á, kó ní kí olùtà ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, kí ó yí i láti 1 dé 12, kí ó sì ya ojú hẹ́ẹ̀dì ní tòsí. Hẹ́ẹ̀dì tí téèpù ti wa kòtò sí lójú ń dín owó rẹ̀ kù gidigidi, torí ìfọ̀ kò lè tún ìyẹn ṣe. Tí ẹ bá ní in tán, ẹ máa bò ó nígbà ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ abẹ́ ìdérí, á sì máa ha ojú hẹ́ẹ̀dì bí téèpù ṣe ń gbé e kọjá.